Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Olókè: Peugeot 504 àti Iṣẹ́ Àtúnṣe Rẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Èkìtì

Ìlú Adó-Èkìtì, tí ó di olú-ìlú nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, wà láàárín àpáta àti òkè, débi pé ọ̀nà tí ó bá jáde nínú rẹ̀ kì í pẹ́ gun òkè, kì í sì í pẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Ọ̀nà tí ó lọ sí gúúsù gba Ìkẹ̀rẹ́ kọjá, níbi tí àpáta Olósùnta àti Òrọ́lẹ̀ wà, kí ó tó dé Àkúrẹ́. Èyí tí ó lọ sí ìwọ̀-oòrùn gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ lọ, títí tí yóò fi kan àwọn òkè gíga Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Èyí tí ó lọ sí àríwá sì gba Ìwòròkó lọ sí Ìfàkì. Ní ojú ọ̀nà wọ̀nyí, kòtò tí òjò gbẹ́, gálọ́ọ̀pù, bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn, àti etí títì tí ọ̀dà rẹ̀ ti jẹ sínú, ni ọkọ̀ ń bá pàdé lójoojúmọ́. Nítorí náà, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn àpapọ̀ sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, áàmù, bọ́ọ̀ṣì àti gbogbo oríkèé tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, ni ó máa ń tètè gbó níbẹ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu bóyá ọkọ̀ tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣì lè sáré láìséwu.

Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí ó yẹ láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ju Peugeot 504 lọ. Ilé-iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé e jáde ní ọdún 1968, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù fún ọdún 1969, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PAN, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Láti ìgbà náà ni 504 ti di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ọkọ̀ dókítà àti ọkọ̀ akérò tí ń ti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sí ọkọ̀ akérò nìkan kò tíì mọ ìdajì ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1975 kan náà, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, Hannu Mikkola, ọmọ ilẹ̀ Finland, sì fi irú rẹ̀ gba ìdíje ilẹ̀ Mòrókò. Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, tún gba ti Mòrókò ní 1976, ó sì fi ẹ̀yà onílẹ̀kùn méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà gba Safari àti ìdíje ilẹ̀ Côte d'Ivoire ní ọdún 1978. Àwọn ìdíje wọ̀nyí kì í ṣe eré orí títì dídán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni, nínú eruku, ẹrẹ̀, òkúta àti odò tí kò ní afárá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ kì í parí.

Nínú Safari ọdún 1975 yẹn, ọkọ̀ Lancia Stratos, tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ju ti 504 lọ dáadáa, ni ó wà ní ipò kejì àti ìkẹta. Ìdí tí ọkọ̀ tí ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá lè rà fi ṣáájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Sípíríǹgì 504 rọ̀, ó sì gùn, táyà rẹ̀ lè gòkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ jìnnà kí ó tó kan òpin, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, tí Peugeot ń ṣe fúnra rẹ̀ dípò kí ó rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, sì lágbára tó láti kó rírọ̀ yìí ní ìjánu. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ asáré àtijọ́ ṣe ní Èkìtì ṣe pàtàkì gan-an, ó sì ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ gbà gbọ́ lónìí, pé ọkọ̀ tí ó bá le, tí ó sì rẹlẹ̀, ni ó ń sáré. Lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń sáré.

Iṣẹ́ méjì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń ṣe, iṣẹ́ méjèèjì sì máa ń ta ko ara wọn. Àkọ́kọ́ ni kí ó má jẹ́ kí ìgbá kòtò dé ara ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀. Èkejì ni kí ó má jẹ́ kí táyà fi ilẹ̀ sílẹ̀, nítorí táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè yí ọkọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá a dúró. Sípíríǹgì, ìyẹn irin líle tí wọ́n ká róbóróbó, ni ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Bí táyà bá gun nǹkan, yóò fún pọ̀, bí nǹkan náà bá sì tán, yóò nà padà. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò ní dúró lẹ́yìn tí ó bá nà, ńṣe ni yóò máa fò sókè sódò títí agbára tí ó gbà yóò fi tán. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa agbára yìí. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ti ọ́ìlì gba ihò tóóró kọjá, bí ọ́ìlì bá sì ṣe ń fi ipá gba ihò náà ni agbára ìfò ń di ooru, tí ooru náà sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn-àjò ojú ọ̀nà burúkú. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá gbóná, tí ọ̀kan sì tutù, èyí tí ó tutù ni ó ti kú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi iye ìgbà tí ara ọkọ̀ lè fò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan díwọ̀n bí sípíríǹgì ṣe le tó. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìrọ̀rùn máa ń fò ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ìdíje orí títì dídán lè fò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìṣirò fi hàn pé sípíríǹgì tí ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá yóò ti tẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ ìwúwo ọkọ̀ nìkan, kí ọkọ̀ náà tó gbéra rárá, èyí tí ó sì ń fò lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ yóò tẹ̀ ní nǹkan bí 11. Àyè tí sípíríǹgì rírọ̀ fi tẹ̀ yìí ni táyà máa ń lò láti na ara rẹ̀ wọ inú kòtò nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì wà lórí. Ẹni tí ó bá mú sípíríǹgì náà le ti gba àyè yìí lọ́wọ́ táyà.

Ní iwájú 504, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wà lórí ara wọn nínú ọ̀wọ̀n kan ṣoṣo tí ó dúró láti orí táyà dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Earle MacPherson pè, ẹlẹ́rọ ọmọ Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ Ford lo iṣẹ́ rẹ̀ sára ọkọ̀ Consul àti Zephyr ní Bìrìtìkó ní ọdún 1950. Ní ẹ̀yìn, ẹ̀yà tí ó níyì jù ní áàmù tirẹ̀, ìyẹn apá irin tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, fún táyà kọ̀ọ̀kan, tí bí ọ̀tún bá wọ kòtò, òsì kò ní mọ̀. Ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n pè ní L, tí ó jáde ní 1973, àti ọkọ̀ gígùn tí àwọn akérò fẹ́ràn, ní ọ̀pá irin líle kan tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ gígùn náà ní sípíríǹgì méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹ̀yìn, nítorí ẹrù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun èlò gbọ́dọ̀ mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ nínú méjèèjì, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn kò jọra rárá.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, rọ́bà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù, tí ojú sì tètè máa ń fò ó. Bọ́ọ̀ṣì ni rọ́bà tí wọ́n sè mọ́ àárín irin róbótó méjì, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní òde, tí wọ́n sì fi sí ibi tí áàmù ti so mọ́ ara ọkọ̀. Irin kì í yí lórí rọ́bà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Rọ́bà náà fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ́ nígbà tí áàmù bá gòkè, tí ó sì ń tú padà nígbà tí áàmù bá sọ̀. Ó ń lọ́, ó ń tú, ní ìgbà àìmọye láàárín Adó àti Ìkẹ̀rẹ́ nìkan. Oòrùn, ooru ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tí ń kán sílẹ̀ àti ọjọ́ orí lásán ń sọ ọ́ di líle, ó ń sán wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò já kúrò lára irin tí wọ́n sè é mọ́. Láti ìgbà tí ó bá ti já ni táyà kò ti ní mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí mọ́: bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, áàmù yóò sún sẹ́yìn, bí ó bá tẹ iná, áàmù yóò sún síwájú, ọkọ̀ yóò sì máa rìn ségesège lórí ọ̀nà tí ó tọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ láìmọye ìgbà, tí kò sì gbádùn, bọ́ọ̀ṣì ni ó ń ṣe é.

Àṣà kan gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ́tò, tí ó ń pa rọ́bà wọ̀nyí kí ọjọ́ wọn tó pé, òun ni fífọ́n ọ́ìlì dúdú tàbí dísù sí abẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà dípẹtà, kí ariwo ẹsẹ̀ sì dákẹ́. Ariwo yóò dákẹ́ lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà àbáláyé, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀ṣì, kò bá ọ́ìlì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ṣọ̀rẹ́: ńṣe ni yóò mu ún, tí yóò wú, tí yóò sì rọ̀ bọ̀jọ̀. Omi ọṣẹ ni ó tọ́ fún fífọ abẹ́ ọkọ̀, omi ọṣẹ kan náà ni ó sì tọ́ láti fi rọ́bà tuntun wọ ihò rẹ̀.

Àṣà kejì ni gígé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ bí ti àwọn tí wọ́n ń rí nínú fíìmù, ẹ̀kẹta sì ni òdìkejì rẹ̀, ìyẹn fífi rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà há àárín ìká sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Ohun kan náà ni àṣà méjèèjì ń ṣe. Líle sípíríǹgì máa ń pọ̀ sí i bí iye ìká tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bá ṣe ń dín kù, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé ìká kan kúrò nínú mẹ́fà, èyí tí ó kù yóò fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìká tí wọ́n sì ti há rọ́bà mọ́ láàárín kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí ẹni pé wọ́n gé e ni. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún sípíríǹgì rírọ̀ kò ní lè kápá èyí tí ó ti le, ọkọ̀ yóò sì máa fò. Bí ó bá jẹ́ iná gáàsì ni wọ́n fi gé e, ó tún burú sí i, nítorí ooru náà ń ba bí wọ́n ṣe mú irin ọ̀hún le jẹ́, ibi tí iná ti kàn án ni yóò sì ti dá lọ́jọ́ kan. Bí 504 bá rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ ni, ojútùú rẹ̀ sì ni kí wọ́n wá sípíríǹgì tí ó bá irú ọkọ̀ náà mu, kí wọ́n sì pààrọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì papọ̀.

Àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó tú ohunkóhun, ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó bá mọṣẹ́ dunjú kì í sì í kánjú níbẹ̀. Yóò wo bí ọkọ̀ ṣe dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, yóò sì wọn gíga rẹ̀ láti àárín táyà dé etí mọ́gáàdì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yóò tẹ igun kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣì ní ẹ̀mí, bí ó bá ń jó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin tí ó dúró gbọn-in, nítorí jáàkì nìkan kò tó láti sùn sí abẹ́ rẹ̀, òkúta àti igi pákó kò sì tó rárá. Ọ̀gá yóò di táyà mú ní òkè àti ìsàlẹ̀, yóò mì í láti mọ̀ bóyá béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé róbótó tí ó ń jẹ́ kí táyà yí sọ́tùn-ún sósì, ti jẹ. Yóò dì í mú ní ọ̀tún àti òsì láti mọ ipò tí taìrọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tí ó so sítíárì mọ́ táyà, wà. Yóò sì fi irin gbọọrọ ti áàmù kọ̀ọ̀kan láti rí i bóyá bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti já. Ó yẹ kí ó tún wo irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀wọ̀n iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, iṣẹ́ wẹ́dà ni yóò ṣáájú iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí sábà máa ń fi hàn nínú ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ ni pé gbogbo rẹ̀ ni ó ti rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Níbí ni àṣìṣe tí ó ń náni lówó jù wà. Onímọ́tò yóò ní kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí ń pariwo nìkan, ariwo yóò dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, òmíràn yóò gbé e, wọn yóò tún tú ọkọ̀, wọn yóò tún san owó iṣẹ́, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tuntun yóò sì tètè jẹ nítorí bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí ó gba ìgbá tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sàn kí wọ́n parí iwájú látòkè délẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn dúró de ìgbà tí owó yóò tún wọlé, ju kí wọ́n máa bu díẹ̀díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.

Ní ti títú rẹ̀, ewu tí ó tóbi jù wà lára ọ̀wọ̀n iwájú. Sípíríǹgì inú rẹ̀ wà ní fífún pọ̀ nígbà gbogbo, agbára tí ó sì dì mọ́ra tó láti gbé igun kan ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tí ń fún sípíríǹgì dì í mú, yóò fò jáde, ó sì lè fọ́ àgbọ̀n tàbí kí ó gba ẹ̀mí. Àwọn ibi iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣì ń fi wáyà tàbí okùn dì í, tí ọmọṣẹ́ yóò sì máa fi sípánà tú u. Kò sí owó ọkọ̀ kankan tí ó tó ojú ọmọ ọlọ́mọ, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, tí ó ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà, ì bá sì ṣe ohun ńlá bí ó bá fi òfin de àṣà yìí ní gbogbo abúlé mẹkáníìkì, tí ó sì ra irinṣẹ́ náà fún ìlò àpapọ̀.

Bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa ń ṣòro láti yọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi tì í jáde, kí wọ́n sì fi ti tuntun wọlé ní tààrà, láìfẹ̀gbẹ́. Níbi tí kò bá sí, wọ́n máa ń fi iná sun rọ́bà náà, kí wọ́n sì fi òòlù lu irin rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n èéfín rọ́bà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn yẹ kí ó fà símú, òòlù náà sì máa ń sọ ojú ihò di bátabàta tí bọ́ọ̀ṣì tuntun kò fi ní jókòó dáadáa. Ní Adó, níbi tí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1982 pẹ̀lú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, tí àwọn oníléèdì sì ń gbẹ́ irin ní onírúurú àdúgbò, àìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan lásán kò yẹ kí ó jẹ́ ìdíwọ́.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó ju gbogbo ìyókù lọ, tí ọ̀pọ̀ tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kò sì kà sí: bóòtù tí ó gba inú bọ́ọ̀ṣì kọjá kò gbọdọ̀ fún pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ẹsẹ̀ irin, táyà rọ̀ sílẹ̀, áàmù sì dojú kọlẹ̀. Bí wọ́n bá fún bóòtù pa ní ipò yìí, irin inú bọ́ọ̀ṣì yóò lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ní ipò náà, tí ó fi jẹ́ pé ní kété tí táyà bá kan ilẹ̀, tí áàmù sì gòkè sí ipò ìrìn rẹ̀, rọ́bà yóò ti lọ́ dé ìwọ̀n kan kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà lọ, kò ní sinmi mọ́, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ń rìn tàbí ó wà nílé. Kòtò kọ̀ọ̀kan yóò sì lọ́ ọ kọjá ibi tí wọ́n ṣe é fún, bọ́ọ̀ṣì tí ó yẹ kí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì ya láìpẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n fi ọwọ́ lásán mú bóòtù náà wọlé, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí wọ́n tì í síwá sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jókòó, lẹ́yìn náà kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ lórí kòtò ìtúnṣe láti fún un pa, kí wọ́n sì lo sípánà tí ń fi ìwọ̀n agbára hàn, níwọ̀n bí ilé-iṣẹ́ ti sọ iye tí bóòtù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà tí onímọ́tò bá ń ṣàròyé pé bọ́ọ̀ṣì tuntun kò lọ́jọ́ lórí mọ́, tí ó sì di ẹ̀bi ru ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tí wọ́n fún un pa.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, àwọn kan máa ń tú ti àtijọ́ kí wọ́n sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki ju èyí tí wọ́n ṣe ihò inú rẹ̀ fún lọ, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì yóò le gbagidi ní òwúrọ̀, bí ó bá sì gbóná tán, ọ́ìlì náà yóò hó, ìfófòó kò sì lè pa agbára ìfò. Ìṣòro ìfófòó yìí ni Christian Bourcier de Carbon, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Faransé, wá ojútùú sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 nígbà tí ó fi gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ ti ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì kí ó má lè hó, ìlànà tí ilé-iṣẹ́ Bilstein ní Jámánì sọ di iṣẹ́ ọjà, tí ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré títí dòní. Fún ẹni tí ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà gbogbo, owó tí ó bá ná lé irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kò ṣòfò, bí ó bá ṣe pé ìwọ̀n rẹ̀ bá sípíríǹgì ọkọ̀ náà mu.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ra ohun èlò kò gba àlàyé púpọ̀. Ládípọ̀ ní Èkó àti Gáàtì ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ohun tí kò bá sí ní Adó tàbí Àkúrẹ́ ti ń wá. Ìlànà tí ó tọ́ kò ju kan lọ: ohun tí ó jẹ́ irin nìkan ni kí wọ́n ra ní tòkunbọ̀. Áàmù tí kò tẹ̀, tí kò sán, tí kò sì dípẹtà lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i, ó tilẹ̀ máa ń dára ju tuntun ayédèrú lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ ti lo ọjọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ti gbó kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà, táyà tòkunbọ̀ sì ní ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́rin: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tí ó kẹ́yìn jẹ́ ọdún, tí 2319 fi túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà yìí kí ó tó sanwó ti gba ara rẹ̀ là.

Ìlànà wọ̀nyí kò yí padà fún àwọn ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Jámánì tí ó wá lẹ́yìn 504, iye oríkèé wọn ni ó pọ̀ sí i. Mercedes-Benz 190, tí ó jáde ní òpin ọdún 1982, ni ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn aláàmù márùn-ún wá fún táyà kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ Mercedes. Níwọ̀n bí áàmù kọ̀ọ̀kan sì ti ní oríkèé méjì, oríkèé ogún ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyíkéyìí tí ó bá sì gbó nínú wọn yóò máa fa àwọn yòókù. BMW tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ jẹ́ E36, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, ní bọ́ọ̀ṣì ńlá róbótó lẹ́yìn áàmù iwájú tí ó máa ń já nítorí bíréèkì líle, sítíárì yóò sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ tí yóò rò pé táyà ni ó ṣe é. Àwọn kan máa ń fi bọ́ọ̀ṣì oníke líle, tí a ń pè ní pólì, rọ́pò rọ́bà lára irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ó máa ń pẹ́, ọ́ìlì kì í sì í ba á jẹ́, ṣùgbọ́n kì í lọ́ bíi rọ́bà, ohun tí rọ́bà ìbá gbé mì ni yóò fi ránṣẹ́ sínú ara ọkọ̀. Lórí àwọn ọ̀nà Èkìtì, rọ́bà tuntun ojúlówó sàn jù ú lọ fún ọkọ̀ tí kì í lọ sí ìdíje.

Aláínmẹ́ǹtì ni ó kẹ́yìn iṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó nítorí pé ọkọ̀ ń rìn tààrà. Igun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí orí táyà ṣe fẹ̀gbẹ́ sínú tàbí sóde, bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ra tàbí jìnnà síra, àti bí ọ̀wọ̀n tí táyà ń yí lé lórí ṣe dagun sẹ́yìn, èyí tí ó ń mú kí sítíárì padà sí àárín fúnra rẹ̀. Iwájú táyà tí kò bá gún régé yóò jẹ táyà tuntun títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi hàn láàárín oṣù mélòó kan. Ó ṣe pàtàkì kí awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tàbí kí wọ́n gbé ìwúwo tí ó tó tirẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, nítorí 504 máa ń tẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ ẹrù, igun wọ̀nyí sì ń yí padà bí ó ti ń tẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, nígbà tí sípíríǹgì àti bọ́ọ̀ṣì tuntun bá ti jókòó sí àyè wọn, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà sórí kòtò ìtúnṣe kí wọ́n tún fi sípánà yẹ bóòtù kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n wọn gíga igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì tún aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ wò bí gíga náà bá ti yàtọ̀.